Láti Ìkẹjà dé Kútọnu: Bí Ará Ẹ̀bá Ààlà Yewa Ṣe Lè Ka Jíjìn àti Àkókò Ọkọ̀ Òfurufú

Orí yìí wà fún ẹni tó ń gbé Tube, Ìlaròó, Ayétòrò, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ìletò Yewa tó tò lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Benin, tó sì ń gbèrò láti wọ ọkọ̀ òfurufú. Pápákọ̀ òfurufú ńlá méjì ni ọwọ́ wa tó. Ọ̀kan ni Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ní 1979. Èkejì ni Cadjehoun ní Kútọnu, tí wọ́n fi sọrí Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ ilẹ̀ Benin. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tààrà lójú máàpù, láti Ìkẹjà dé Kútọnu jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 106. Bààlúù kì í sì í lò ju bí ìṣẹ́jú ogójì láti ìgbà tó bá gbéra níbùdó níhìn-ín títí tó fi dúró lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá gbọ́ ìṣẹ́jú ogójì lè rò pé ìṣirò ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó ń sùn ní pápákọ̀ Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń lọ kí ẹbí rẹ̀ ní pápákọ̀ Kútọnu. Fún ará ẹ̀bá ààlà, fífò ni ó kéré jù nínú gbogbo àkókò tí ìrìn àjò ń gbà. Orí ilẹ̀ ni wákàtí ń tán sí. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹnu ọ̀nà ilé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ẹnu géètì pápákọ̀.

Jíjìn wo ni wọ́n ń sọ?

Ìlú méjì kan náà lè ní jíjìn mẹ́ta, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Èkínní ni jíjìn tààrà, ìyẹn bí ẹni pé ẹ ta okùn láti ibì kan dé èkejì láì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èkejì ni ọ̀nà tí bààlúù ń gbà ní tòótọ́, nítorí pé òfurufú náà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ máa ń là fún atukọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà mọ́tò. Ẹ wo Èkó sí Àbújá: tààrà, kìlómítà 510 péré ni tàbí díẹ̀ lé, lórí títì, ó lé ní 700, torí pé ọkọ̀ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àwọn ìlú, kó sì wá afárá tó máa gbà sọdá odò Ọya.

Ohun mìíràn tó máa ń da orí ènìyàn rú ni òṣùwọ̀n. Máìlì ni àwọn bàbá wa fi ń ka ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn àdúgbò Èkó títí dòní, bíi Mile 2 àti Mile 12. Àwọn ará Benin ò mọ máìlì, nítorí kìlómítà ni Faransé bá wọn gbé kalẹ̀. Atukọ̀ òfurufú ní tirẹ̀ ń lo máìlì ojú òkun, tó gùn ju máìlì orí ilẹ̀ lọ. Máìlì orí ilẹ̀ kan jẹ́ kìlómítà 1.609, máìlì ojú òkun kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Ìkẹjà sí Kútọnu jẹ́ 106, tí èkejì ní 66 ni, tí ẹ̀kẹta sì ní 57 ni, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kìlómítà ni ti àkọ́kọ́, máìlì ni ti èkejì, máìlì ojú òkun ni ti ẹ̀kẹta. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè òṣùwọ̀n tí wọ́n lò.

Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n fúnra yín

Ọmọ tó bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ìṣirò yìí fún yín lórí tábìlì. Ẹ ṣí máàpù inú fóònù yín, Google Maps tàbí òmíràn. Ẹ fi ìka tẹ ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò. Nọ́ńbà méjì á jáde. Èkínní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn sí ìlà tó pín ayé sí méjì ní ìbú, ìyẹn bó ṣe lọ sí àríwá tó. Èkejì ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó. Dígírì ni wọ́n fi ń ka méjèèjì.

Pápákọ̀ Ìkẹjà wà ní 6.58 àti 3.32. Ti Kútọnu wà ní 6.36 àti 2.38. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá: ìyàtọ̀ àríwá sí gúúsù jẹ́ 0.22, ti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn jẹ́ 0.94. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, dígírì kan ní agbègbè tiwa jẹ́ nǹkan bíi 110. Ẹ fi 0.22 sọ 111 di púpọ̀, ẹ ó rí 24. Ẹ fi 0.94 sọ 110 di púpọ̀, ẹ ó rí 103. Ó ku kí ẹ fi 24 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kó di 576, kí ẹ fi 103 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kó di 10,609. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di 11,185. Nọ́ńbà wo ló máa sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó dé ibẹ̀? Ó súnmọ́ 106. Jíjìn tààrà náà nìyẹn.

Ọ̀nà yìí kan náà ni mo fi wọn àwọn ìlú wa. Láti Ìlaròó, pápákọ̀ Ìkẹjà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 48 tààrà, Kútọnu jẹ́ bíi 91. Láti Ayétòrò, Ìkẹjà jẹ́ bíi 79, Kútọnu jẹ́ bíi 120. Ará Ìlaròó àti ará Ayétòrò kò ní ohun tí wọ́n ń rò pẹ́: Ìkẹjà ló súnmọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń sún lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí ẹ ń lọ sí ìhà Tube àti àwọn ìletò tó fara kan ààlà, ìyàtọ̀ náà ń dínkù títí tí pápákọ̀ méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn bákan náà. Ní Kétu lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ààlà, ó ti yí padà: Kútọnu ló fi díẹ̀ súnmọ́ ju Ìkẹjà lọ. Ọ̀pọ̀ ará Tube ni kò tíì ronú kan èyí rí. Torí pé Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé, Èkó nìkan ni wọ́n máa ń rí bí ẹnu ọ̀nà àtijáde.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti kọ́ pápákọ̀ Gateway sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Òdì kejì ìpínlẹ̀ wa ló wà. Fún ará Ìlaròó, Ìkẹjà ṣì súnmọ́ jù ú lọ.

Ìkìlọ̀ kan: ìṣirò orí tábìlì yìí dára fún ibi tó súnmọ́ra nìkan, ní agbègbè wa yìí. Ayé rí roboto, nítorí náà bí ẹ bá lo ọ̀nà yìí fún Lọ́ńdọ̀n tàbí New York, nọ́ńbà tí ẹ máa rí á ṣìnà. Ìdí kan náà ló fà á tí ọ̀nà bààlúù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà fi máa ń dà bí ọrun tí wọ́n fà lójú máàpù pẹlẹbẹ. Tààrà ni atukọ̀ ń lọ. Máàpù ló tẹ ayé pẹrẹsẹ.

Wákàtí mélòó ni yóò gbà?

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fojú díwọ̀n àkókò ni èyí: ẹ fi 800 pín kìlómítà, kí ẹ wá fi ìdajì wákàtí lé e. Ọkọ̀ òfurufú ńlá máa ń sáré láàárín kìlómítà 800 sí 900 ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dé òkè pátápátá. Ìdajì wákàtí tí a fi lé e wà fún yíyípo lórí ilẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kì í ní gbogbo eré rẹ̀ lára nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó bá ń bọ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Èkó sí Àbújá, 510: ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń rí lóòótọ́, bí kò bá sí ìdádúró. Èkó sí Accra, nǹkan bíi 400: wákàtí kan. Èkó sí Jẹ́dà, níbi tí àwọn alálàájì wa ń sọ̀kalẹ̀ sí kí wọ́n tó lọ sí Mẹ́kà, bíi 4,200: kò ní tó wákàtí mẹ́fà. Èkó sí Lọ́ńdọ̀n, nǹkan bíi 5,000: wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ sí méje. Kútọnu sí Párís, ó lé díẹ̀ ní 4,700: wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Èkó sí New York, bíi 8,400: wákàtí mọ́kànlá.

Ẹ wá wo Ìkẹjà sí Kútọnu. Bí ẹ bá fi 800 pín 106, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló jáde. Ìdajì wákàtí tó kù jẹ́ ti gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Bààlúù kò tíì gòkè tán tí atukọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtibalẹ̀. Ní Ìkẹjà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti òkun ló sábà máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọjú sí gúúsù kó tó gbéra, torí pé ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ kọjú ko afẹ́fẹ́ kó tó lè gòkè dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó yí sí ọ̀tún, kó forí lé ìwọ̀-oòrùn. Lójú ọ̀nà kúkúrú, ìyípo bẹ́ẹ̀ lè fi ìdá kan tó ṣe gúnmọ́ kún ìrìn náà. Lójú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀n, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rárá.

Afẹ́fẹ́ òkè náà ní agbára tirẹ̀. Lókè òkun Àtìlántíìkì, afẹ́fẹ́ líle máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bààlúù tó ń lọ sí New York ń forí kọ ọ́, èyí tó ń bọ̀ wá sí Èkó ń gbà á lẹ́yìn. Nítorí náà ni àbọ̀ fi máa ń yá ju àlọ lọ. Kí ẹ má rò pé wọ́n ṣi yín lójú bí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ bá kọ wákàtí mọ́kànlá, tí ti àbọ̀ sì kọ mẹ́wàá.

Ìṣèlú náà máa ń fa ọ̀nà gùn. Ní oṣù Kẹjọ 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti òfurufú orílẹ̀-èdè wọn pa láti ọjọ́ kẹfà oṣù náà títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án. Ojú ọ̀run Niger yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ bààlúù tó ń ti ilẹ̀ wa lọ sí Yúróòpù máa ń gbà kọjá sí aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn ọkọ̀ ní láti yípo. Èkó kò kúrò níbi tó wà, Lọ́ńdọ̀n kò sún síwájú, ṣùgbọ́n ìrìn náà gùn sí i.

Ọyẹ́ ni ẹ tún gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ lè bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí atukọ̀ ò ní rí ojú pápá láàárọ̀. Wọ́n á sún ọkọ̀ síwájú, tàbí kí wọ́n fagi lé e. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ méjì tí ẹ máa wọ̀ tẹ̀léra ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi ààyè tó pọ̀ sáàárín wọn. Èmi kì í dámọ̀ràn ohun tó bá dín sí wákàtí mẹ́rin.

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì

Aago ìlú tí ẹ ti gbéra ni wọ́n kọ sí àkókò ìgbéra. Aago ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n kọ sí àkókò ìbalẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí á yọ kan kúrò nínú èkejì, á sì ní àkókò tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Nàìjíríà àti Benin ń lo aago kan náà, nítorí náà Ìkẹjà sí Kútọnu kò ní ìdààmú. Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bí bààlúù bá kúrò ní Ìkẹjà ní aago méjìlá ọ̀sán, tó sì lo wákàtí kan dé Accra, aago méjìlá ọ̀sán náà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, ó máa dà bí ẹni pé ẹ kò lo ìṣẹ́jú kan lọ́nà. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, wákàtí méjì ni yóò dà bí ẹni pé ẹ lò. Lọ́ńdọ̀n ń bá wa lo aago kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù. Párís ń bá wa lo aago kan náà nígbà òtútù, ó sì ń fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Saudi fi wákàtí méjì ṣáájú wa láti ọdún dé ọdún. New York wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, bí àsìkò bá ṣe rí.

Àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti fífò nìkan. Láti ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò níbùdó rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, títí tó fi dúró níbùdó ìlú kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wà lójú ọ̀run fún ogún ìṣẹ́jú péré, kí tíkẹ́ẹ̀tì sì kọ ogójì.

Orí ilẹ̀ ni wákàtí ń tán sí

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù nìyí. Kìlómítà 48 láti Ìlaròó sí Ìkẹjà jẹ́ jíjìn ẹyẹ. Mọ́tò á gba Papalàǹtó, á gba Ìfọ̀, á já sí Sàngó-Ọ̀tà, kó tó wọ Èkó. Ẹni tó bá mọ Sàngó mọ ohun tí mò ń sọ. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ibẹ̀ lè jẹ wákàtí kan lọ́wọ́ yín láì tíì rí Ìkẹjà. Ẹni tó bá gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ máa dé ní wákàtí méjì tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà ń wọ Èkó, lè lo ìlọ́po méjì rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló burú jù. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló tẹ̀ lé e fún ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Ará Ayétòrò ní ọ̀nà méjì: kó gba Abẹ́òkúta kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó, tàbí kó gba ìhà Ìlaròó. Lójú ọ̀nà wọ̀nyí, ẹ máa bá tírélà sìmẹ́ńtì pàdé. Ilé iṣẹ́ Dangote ní Ìbéṣè ti ń ṣiṣẹ́ láti 2012, ti Ewékorò sì ti wà láti 1960. Tírélà kan tó bá takú lójú ọ̀nà tóóró ti tó láti sọ ìrìn wákàtí kan di mẹ́ta. Èyí kì í ṣe ohun tí máàpù fóònù lè mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ pe ẹnì kan tó wà lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, awakọ̀ gáréèjì tó ti gbé èrò àkọ́kọ́ lọ, kí ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Nọ́ńbà awakọ̀ bẹ́ẹ̀ dára láti ní lọ́wọ́.

Ní ìhà Tube àti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, òjò ni ọ̀gá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní amọ̀ dúdú tó máa ń mu omi, á wá fà mọ́ táyà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Lóṣù Kẹfà àti Keje, àti lóṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ọ̀kadà nìkan ló lè gbé yín jáde láti àwọn ìletò kan lọ sí títì ńlá, ẹrù yín kò sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí ọ̀kadà lè gbé lọ. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti òwúrọ̀, tó sì jẹ́ ìgbà òjò, mo rọ̀ yín pé kí ẹ kúrò nílé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní Sàngó tàbí Agége. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣòfò ju owó àsùnmọ́jú lọ.

Ẹ wá ròó pọ̀. Ká ní ará Ìlaròó kan fẹ́ fò lọ sí Kútọnu. Wákàtí méjì dé Ìkẹjà. Wákàtí mẹ́ta ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń ní kí èrò tó ń lọ sókè òkun fi ṣáájú ìgbéra, bí òkè òkun náà tilẹ̀ jẹ́ Kútọnu. Ìṣẹ́jú ogójì nínú bààlúù. Wákàtí kan láti gba òǹtẹ̀, gba ẹrù, kí ó sì wá ọkọ̀ wọ ìlú. Ó ti di wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bó bá gba orí ilẹ̀, tó gba Owódé lọ sí bodè Ìdíìrókò, tó sọdá sí Igolo ní ìhà Benin, tó gba Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, Kútọnu kù sí nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà péré níwájú rẹ̀. Bí bodè bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ti jókòó ní ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Kútọnu kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó wọ bààlúù tó jáde ní pápákọ̀. Ó ti rí ojú ọjà Àjàṣẹ́ lọ́nà pẹ̀lú.

Ẹ tún kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Kútọnu ni ó ń fò tààrà. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ gbé yín lọ sí Lómè tàbí Accra, tàbí ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó dá yín padà sí Kútọnu. Bí ẹ bá rí ìrìn kìlómítà 106 tí wọ́n kọ wákàtí mẹ́rin tàbí méje sí, ẹ wo orúkọ ìlú tó wà láàárín kí ẹ tó sanwó.

Bodè

Ìlà tó pín Tube sí Nàìjíríà, tó pín Kétu àti Sàkẹ́tẹ́ sí Benin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fà á nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe lóṣù Kẹjọ 1889. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé ńlá kan lórí bí ìlà náà ṣe pín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó jáde ní 1976. Ẹbí kan náà ló wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n kì í béèrè oríkì, páàsìpọ́ọ̀tù ni wọ́n ń béèrè.

Òfin àjọ ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ rẹ̀ láì gba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìwé ìrìnnà tó péye àti yẹ́lò káàdì, èyí tó ń fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ni kí ẹ mú dání. Ẹ ṣẹ́ owó sẹ́fà díẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò ní bodè, nítorí ọlọ́kadà tó máa gbé yín ní Igolo kò ní gba gbèsè.

Bodè lè tì nígbàkígbà. Lóṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta mìíràn lóṣù Kejìlá 2020, Ìdíìrókò kò sí lára wọn. Ó di oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Fún ọdún méjì ó lé, ará Yewa tó fẹ́ gba ọ̀nà tó tọ́ lọ sí Àjàṣẹ́ kò rí bodè tirẹ̀ lò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ béèrè ipò bodè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbéra láti Kútọnu.

Ibo ni kí ẹ gbà?

Bí ẹ bá ń lọ sí Àbújá tàbí ibòmíràn nínú Nàìjíríà, Ìkẹjà ni. Bí ẹ bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀n, Jẹ́dà tàbí New York, Ìkẹjà náà ni, àyàfi bí owó tíkẹ́ẹ̀tì láti Kútọnu bá fi ohun tó pọ̀ dínkù, tí ẹ sì ti ka owó ọkọ̀ àti àsùnmọ́jú mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ Kútọnu fúnra rẹ̀ ni ẹ ń lọ, ẹ gba orí ilẹ̀. Ará Kétu àti Pobẹ́ tó ń lọ sí Párís kò ní ohun tó ń wá ní Ìkẹjà. Kútọnu ló súnmọ́ wọn, wọn kò sì ní bodè kankan láti sọdá. Ará Tube tó fẹ́ lo Kútọnu láti lọ sí Yúróòpù lè ṣe é. Jíjìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti Ìkẹjà lọ, ó sì lè bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Sàngó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Ọ̀nà ìletò tó gba inú oko wọ Benin pọ̀ ní agbègbè wa, àwọn onífàyàwọ́ mọ̀ wọ́n, àwọn àgbẹ̀ sì ń gbà wọ́n lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n yá ju Ìdíìrókò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ibẹ̀ kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé Benin nínú páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀. Nígbà tó bá dé iwájú òṣìṣẹ́ ní Cadjehoun, wọ́n á bi í léèrè bó ṣe wọ ìlú, kò ní rí èsì tó tọ́ fún wọn, bààlúù á sì gbéra lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa fò láti Kútọnu, ẹ gba bodè tí ìjọba mọ̀, ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà níhìn-ín àti òǹtẹ̀ ìwọlé Benin lọ́hùn-ún, kí ẹ sì wo ojú ìwé náà dáadáa kí ẹ tó kúrò níwájú fèrèsé wọn.